Má Fi Fáníìṣì Kun Pákó Ìgẹ́ran Àwọn Ọmọ Ilé Ìwé

Bàrígà,
Ọjọ́ Ajé.

Àyìndé, ọmọ mi, ọkọ mi,

Adúkẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ ti bí ọkùnrin. Ọmọ mẹ́rin ló di lọ́wọ́ tirẹ̀, ọmọ-ọmọ mẹ́rin lọ́wọ́ tèmi. Orí ọmọ náà rí roboto bíi ti bàbá rẹ, mo sì ti fi í yangàn ní etí ọ̀sà débi pé àwọn apẹja ní kí n jẹ́ kí ọmọ la ojú ná kí n tó fi í jọba. Sámúẹ́lì àbúrò rẹ ti gbéyàwó. Ọmọbìnrin náà mọ ìkíni, ó sì mọ ẹja yan, ohun méjì tí mo ń tọrọ fún un nìyẹn. Ìyá Orímisàn, ọ̀rẹ́ mi ará Ìlàjẹ tó ti ń kó ẹja fún mi láti ìgbà tí o wà ní ẹ̀yìn mi, fi ọmọ rẹ̀ obìnrin tó kẹ́yìn fọ́kọ. Ó sunkún títí ọjọ́ fi kanrí bí ẹni pé ìlú òyìnbó ni wọ́n ń mú ọmọ lọ, Ṣómólú níbí náà ni. Ewúrẹ́ wa bí mẹ́ta. Ẹnì kankan kò kú, ọpẹ́ ni fún Olúwa.

Lẹ́tà rẹ dé ọwọ́ mi. Èmi fúnra mi ni mo kà á, n kò pe ẹnikẹ́ni. Ọdún kejì rèé tí mo ti ń lọ sí kíláàsì àwọn àgbà nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa, mo sì ti kúrò lára àwọn tí tíṣà ń di ọwọ́ wọn mú kọ̀wé. Bí lẹ́tà mi bá wọ́ níbì kan, fi orí jì mí. Ọwọ́ tó ti ń gé ẹja láti nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ń kọ ọ́.

Inú mi dùn sí ohun tó wà ní ìbẹ̀rẹ̀ lẹ́tà náà. Oṣù mẹ́rin péré tí ìwọ àti Rúùtù ìyàwó rẹ kó dé Ìbàdàn, o ti ní ṣọ́ọ̀bù tìrẹ, ilé ìwé àwọn ọmọbìnrin sì ti gbé iṣẹ́ ogójì pákó ìgẹ́ran tí wọ́n fẹ́ẹ́ lò ní ilé ìdáná wọn fún ọ. Ogójì! Bàbá rẹ kò gba irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí láyé rẹ̀. Mo ka ibẹ̀ fún Ìyá Orímisàn létí, ó ní kí n tún un kà.

Ìsàlẹ̀ lẹ́tà náà ni ọ̀rọ̀ wà. O ní ìyá àgbà tó ń bojú tó ilé ìdáná náà fẹ́ kí pákó rẹ̀ máa dán. O ní fáníìṣì ni ìwọ yóò fi kùn ún, o sì ti kun mẹ́fà wò. O tún wá kọ ọ́ pé, "Àṣìṣe Bàbá ni pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ó kun tirẹ̀. Èmi yóò kùn ún lẹ́ẹ̀mẹta." Mo ka ọ̀rọ̀ yẹn, mo gbé ìwé náà sílẹ̀, ẹja jóná mọ́ mi lọ́wọ́ lórí ààrò.

Àyìndé, má kun àwọn pákó náà ní fáníìṣì, ì báà ṣe ẹ̀ẹ̀kan, ì báà ṣe ẹ̀ẹ̀mẹwàá. Ọmọ ẹni ẹlẹ́ni ni yóò jẹ ohun tó bá wá láti ara wọn, orúkọ tí o sì fẹ́ẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ ní ìlú onílùú wà lórí ogójì pákó yìí. Ohun tí o gbọ́ nípa bàbá rẹ, tí o wá gbára lé, kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ló ṣe ṣẹlẹ̀. N óò sọ ọ́ fún ọ. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti òróró, nítorí ọjọ́ tí wọ́n dá fún ọ ti sún mọ́lé, ọ̀rọ̀ kejì sì wúwo lọ́wọ́ mi.

Èkíní ni èyí. Gbogbo ohun tó dára nínú ìkòkò kọ́ ló dára lára igi. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ta ẹja tútù ní etí ọ̀sà, bàbá rẹ gbẹ́ pákó ìgẹ́ja kan fún mi láti ara igi apá. Lẹ́yìn oṣù kan, omi ti jẹ ẹ́ lára, ó funfun, ó sì ń là wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ létí. Èmi rò ó nínú ara mi pé epo ni à ń fi pa ẹsẹ̀ tó bá là, mo sì bu epo pupa, mo fi pa pákó náà dáadáa. N kò bi oníṣẹ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lórí ẹní léèrè. Lọ́jọ́ kìíní ó pọ́n, ó wuyì. Lọ́jọ́ kẹta ó bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ mọ́ ọwọ́. Kí ọ̀sẹ̀ tó pé, èèrà ti tò sí i, ó sì ń rùn bí ìsàlẹ̀ kèrègbè epo tí a gbàgbé sí àjà. Gbogbo ọ̀bọ̀kún tí mo gé lórí rẹ̀ ló pọ́n lábẹ́, àwọn oníbàárà sì ń gbé e sí imú kí wọ́n tó san owó.

Ìyá Orímisàn dúró níwájú ọjà mi lọ́jọ́ kan, ó wo pákó, ó wo ẹja, ó ní, "Ìyá Adúkẹ́, ṣé ẹja lẹ ń tà ni, àbí ọbẹ̀?" Gbogbo etí omi rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ méjì ni n kò fi bá a sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kẹta mo gbé pákó náà lọ fún bàbá rẹ, ó fi ìfági fá ojú rẹ̀ kúrò, kò sì bú mi. Nítorí náà, má fi epo pupa pa pákó, má sì fi òróró ẹ̀pà pa á. Méjèèjì máa ń kan nínú igi, igi kì í sì í pọ ohun tó bá ti mu. Bí ẹnì kan bá fi iṣẹ́ rẹ ṣẹ̀fẹ̀ lójú rẹ, dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó ń sọ ọ́ lẹ́yìn ni kí o bẹ̀rù.

Èyí tó dára ni òróró àgbọn àti ìda oyin. Bàbá rẹ ló ṣe àwárí rẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀fẹ̀ yẹn, ohun tó sì wà lára pákó mi títí di òní nìyẹn. Bu òróró àgbọn ife mẹ́ta, gé ìda oyin tó tó ẹyin adìẹ kan sí i. Má gbé e ka iná lásán. Gbé agolo rẹ̀ sínú ìkòkò omi gbígbóná kí ìda náà yọ́ pẹ̀lẹ́. Ti àkísà mímọ́ bọ inú rẹ̀, kí o máa fi pa igi bí ojú igi ṣe là, má pa á lódì. Fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, nu èyí tó ṣẹ́kù sójú rẹ̀ kúrò, kí o tún un pa. Ẹ̀ẹ̀mẹta. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Mo ti di àkísà kan sínú ẹrù tí n óò fi ránṣẹ́. Aṣọ òwú àtijọ́ ni, kì í tú fọ́nrán sára igi.

Ìdánwò kan wà tí bàbá rẹ máa ń ṣe. Ohunkóhun tí ó bá fẹ́ẹ́ fi pa ohun ìjẹun, yóò kọ́kọ́ kán an sí ẹ̀yìn ọwọ́, yóò sì lá a. Òróró tí ẹ̀yin káfíńtà ń fi pa ilẹ̀kùn, tí agolo rẹ̀ ń rùn bí oògùn, ṣé o lè lá a? Fáníìṣì ńkọ́? Ohun tí o kò bá lè lá lẹ́yìn ọwọ́ ara rẹ, má fi pa pákó tí ọmọ ẹlòmíràn yóò ti orí rẹ̀ jẹun.

Òróró mìíràn tún wà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́. Nọ́ọ̀sì kan máa ń wá kọ́ wa ní ìmọ́tótó ní kíláàsì. Mo bi í léèrè ohun tí kì í kan láéláé lára igi. Ó ní òróró kan wà ní ilé ìtàjà oògùn òyìnbó, ó mọ́ bí omi, kò lóòórùn, kò sì lè bàjẹ́, òun ni wọ́n ń fún ẹni tí ìgbẹ́ bá ṣòro fún. Ìyá Orímisàn, tí a jọ wà ní kíláàsì, tí kì í sùn bí ọ̀rọ̀ bá dé ibẹ̀, ní, "Tíṣà, ẹni tó bá jẹ ẹran orí pákó yẹn, ibo ni yóò sùn mọ́jú?" A rẹ́rìn-ín títí nọ́ọ̀sì náà fi jókòó. Ó ní ìwọ̀nba tó wà lára igi kò lè ṣe nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni. Mo gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n ó wọ́n fún ogójì pákó. Bí o bá rí i ní Ìbàdàn ní iye tí apá rẹ ká, lò ó. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, òróró àgbọn ti tó.

Má gbàgbé ẹ̀yìn pákó. Ẹ̀gàn yìí tún jẹ́ tèmi. Nígbà tí mo kọ́ láti máa fi òróró àgbọn pa pákó mi, ojú rẹ̀ nìkan ni mo ń pa, mo ní ẹ̀yìn kì í rí ọ̀bẹ. Ojú mu òróró, ẹ̀yìn mu omi, pákó náà sì tẹ̀ bí ọkọ̀ ojú omi. Mo ń gé ẹja, ó ń mì jẹ̀ǹjẹ̀ǹ, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gé àtàǹpàkò mi. Pa iwájú, pa ẹ̀yìn, kí o sì pa orí igi méjèèjì níbi tí ayùn gbà kọjá ju ojú rẹ̀ lọ, ibẹ̀ ló ń mu omi jù. Lẹ́yìn náà, gbé e nàró kí atẹ́gùn kan ìhà méjèèjì. Má lo igi ìdígbó rárá. Omi máa ń fa àwọ̀ ìyeyè jáde lára rẹ̀, ẹran funfun yóò sì dà bí ojú ẹni tí ibà pọ́njú ń ṣe.

Wàyí o, Àyìndé, jókòó.

Ìtàn tí o mọ̀ ni pé bàbá rẹ gbẹ́ pákó mẹ́fà fún Kúùkù, aládùúgbò wa tó ń dáná fún òyìnbó kan ní Ìkòyí, pé ó kùn wọ́n ní fáníìṣì tí kò dára, pé fáníìṣì náà ṣí sínú oúnjẹ, pé wọ́n lé Kúùkù níṣẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni ọ́ nígbà náà. O dúró tì mí lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí Kúùkù wá ń pariwo ní àgbàlá wa.

Bàbá rẹ kọ́ ló kùn wọ́n. Èmi ni.

Bàbá rẹ ti gbẹ́ wọn tán, ó ti fi òróró pa wọ́n lẹ́ẹ̀kan, ó gbé wọn nàró, ó sì lọ ra pákó ní Ẹ̀pẹ́. Ó ní ọjọ́ mẹ́rin ni òun yóò lò, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn wọ́n. Lọ́jọ́ kejì Kúùkù dé, ó fẹ́ẹ́ wo iṣẹ́ rẹ̀. Ó yí pákó kan sókè, ó yí i sódò, ó ní, "Ìyá Adúkẹ́, ṣé pákó abà ni ọkọ yín gbẹ́ fún mi yìí? Ilé òyìnbó ni mo ń gbé e lọ o."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí. Mo jẹ́ obìnrin tó gbéraga nígbà náà, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fojú di iṣẹ́ ọkọ mi. Mo ní kí ó padà wá lọ́jọ́ kejì. Fáníìṣì tí bàbá rẹ fi kun àga oníwàásù ṣẹ́kù díẹ̀ nínú páànù. Mo mú búrọ́ṣì, mo kun pákó mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lórí òróró tí kò tíì gbẹ. Wọ́n dán bí omi ọ̀sà láàárọ̀. Kúùkù wá, inú rẹ̀ dùn, ó gbé wọn lọ. Àwọn àgbà ní ẹ̀yìn ọ̀pọ̀tọ́ dán, inú rẹ̀ kún fún kòkòrò. Mo mọ òwe yẹn nígbà náà, n kò rántí rẹ̀ ni.

Nígbà tí bàbá rẹ dé, òórùn ló kọ́kọ́ pàdé. Ó bi mí léèrè ẹni tó ṣí páànù. Mo sọ fún un. Ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì rẹ̀. Ó ní fáníìṣì kì í di igi olóròóró mú, ọ̀bẹ yóò là á, omi yóò gba abẹ́ rẹ̀ wọlé, yóò sì máa ṣí bí ìpẹ́ ẹja. Ó ní òun yóò lọ gbà wọ́n padà láàárọ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ kí ó má lọ. Mo ní ojú yóò tì mí láàárín àdúgbò, mo ní ó lè má ṣí. Mo sunkún. Ó sì dúró. Bí bàbá rẹ bá ní àṣìṣe kan nínú ọ̀rọ̀ yìí, dídúró tó dúró yẹn ni, nítorí tèmi ló sì ṣe dúró.

Kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ lẹ́yìn rẹ̀ tí àlejò òyìnbó bu ẹran jẹ, tí ó tu ohun kan tó ń dán bí ìgò jáde lẹ́nu. Wọ́n ní Kúùkù fẹ́ẹ́ pa ènìyàn. Ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n lé e. Ó ti Ìkòyí bọ̀, ẹrù rẹ̀ lórí, ìyàwó rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó yà sí àgbàlá wa kí ó tó dé ilé tirẹ̀. Ìyókù ni o rí. Mo di ọ́ lọ́wọ́ mú, mo ní ẹnu, n kò là á. Bàbá rẹ ni ó jáde tí ó dọ̀bálẹ̀ fún un, tí ó ní, "Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni. Ẹ forí jì mí."

Nígbà tí a wọlé, mo bi í léèrè ìdí tí kò fi sọ òtítọ́. Ohun tí ó sọ nìyí, mo sì ń kọ ọ́ bí ó ṣe sọ ọ́ kí o lè mọ irú ẹni tó bí ọ: "Ìwọ lò ń ta oúnjẹ. Bí wọ́n bá pè mí ní káfíńtà burúkú, mo ṣì lè kan ilẹ̀kùn. Bí wọ́n bá pè ọ́ ní ẹni tó ń da nǹkan mọ́ oúnjẹ, ta ni yóò ra ẹja lọ́wọ́ rẹ?"

Ó kan ilẹ̀kùn títí tó fi kú lọ́dún mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà. Kò gbẹ́ pákó ìgẹ́ran kankan tà mọ́. O rántí pé àwọn ọmọ àdúgbò ń pè é ní Bàbá Fáníìṣì. O rántí ọjọ́ tí o bá ọ̀kan nínú wọn jà, tí o wọlé pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì yíya, tí o bi mí bóyá lóòótọ́ ni bàbá rẹ kò mọ iṣẹ́. Mo ní kí o má dá wọn lóhùn. Ìdáhùn kọ́ nìyẹn. O dàgbà pẹ̀lú rẹ̀, o kọ́ iṣẹ́ káfíńtà lọ́dọ̀ ẹlòmíràn, o sì ń wá ọ̀nà láti tún ohun tí bàbá rẹ kò bà jẹ́ ṣe. Irọ́ lè lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Èmi kò parọ́ pẹ̀lú ẹnu, mo fi dídákẹ́ pa á, ó sì ti rin ìrìn rẹ̀ dé Ìbàdàn, ó ti kun pákó mẹ́fà lọ́wọ́ ọmọ mi. Forí jì mí, Àyìndé.

N kò fẹ́ kí o rò pé orí ìwé nìkan ni mo ti gbójú. Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé ọjọ́ tí lẹ́tà rẹ dé, mo rìn lọ sí àdúgbò Pedro, níbi tí Kúùkù ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin. Ó ti darúgbó, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ kò gbé e dáadáa mọ́. Ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń bó ẹ̀gúsí. Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò dáwọ́ ẹ̀gúsí dúró. Mo rò pé kò gbọ́, mo fẹ́ẹ́ bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Nígbà náà ni ó ní, "Ọdún mẹ́sàn-án ni ọkọ yín fi ń kí mi lójú ọ̀nà. N kò dá a lóhùn lẹ́ẹ̀kan."

Kò sọ pé òun dárí jì mí. N kò sì bẹ̀ ẹ́ kí ó sọ ọ́. Ó bó ẹ̀gúsí náà tán, ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó ní kí n mú òun lọ síbi tí a sin bàbá rẹ sí lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. A rìn pẹ́ nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí a débẹ̀, ó ṣí fìlà, ó ní, "Bàbá Adúkẹ́, ẹ kú ilé o. Mo ti gbọ́ gbogbo ìkíni yín." Ó dé fìlà rẹ̀ padà. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí mi, ó béèrè ohun tí o ń ṣe báyìí. Mo sọ fún un nípa ogójì pákó náà. Ó ní kí n kọ ọ́ sí ọ pé kí o ya pákó ẹja sọ́tọ̀ kúrò lára ti ẹran, kí o fi irin gbígbóná sun àmì sí i létí, kí o má fi ọ̀dà kọ ọ́, nítorí ọ̀dà náà ń ṣí. Iṣẹ́ tó rán mi nìyẹn, mo sì ti jẹ́ ẹ.

Nípa ìyá àgbà ilé ìdáná tó fẹ́ kí pákó máa dán, má bá a jiyàn, má sì ṣe ohun tí ó wí. Mú ọ̀kan nínú mẹ́fà tí o ti kùn lọ bá a, kí o mú ọ̀kan tí o fi òróró pa. Ní kí ó fún ọ ní ọ̀bẹ tó mú àti omi gbígbóná. Gé nǹkan lórí méjèèjì níwájú rẹ̀, da omi sí i, kí o fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ ha á. Yóò fi ojú ara rẹ̀ rí ohun tí ì bá bá oúnjẹ àwọn ọmọ lọ. Ẹni tó ń bọ́ ọmọ ọlọ́mọ kì í ṣe òmùgọ̀, ẹnì kan ni kò tíì fi hàn án. Sọ fún un pé ojú pákó olóròóró kì í tàn, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń fi òróró pa á lóṣooṣù, yóò pẹ́ ju ìwọ àti òun lọ. Kí o tọrọ ọjọ́ mẹ́wàá sí i. Ohun tí a fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Bí ó bá kọ̀ tí ó gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ, jẹ́ kí ó gbà á. Inú rẹ yóò bàjẹ́ fún oṣù kan. Èmi mọ èyí tí ń ba inú jẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Mẹ́fà tí o ti kùn, má gbìyànjú láti fi wọ́n sínú ogójì náà. Fi ìfági fá wọn, fi wọ́n ṣe pẹpẹ fún Rúùtù.

Rúùtù gan-an ni ọ̀rọ̀ mi kàn kẹ́yìn. Lẹ́tà yìí, kà á sí i létí, má fo ibì kankan nítorí kí ojú má baà tì mí. Bí ó bá ṣe àṣìṣe nínú iṣẹ́ rẹ lọ́jọ́ kan, tí ó sì sọ fún ọ, dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kí o tó bínú. Ṣùgbọ́n bí ó bá sunkún pé kí o má lọ tún un ṣe, rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, nù ún lójú, kí o sì wọ bàtà rẹ kí o lọ. Bàbá rẹ fẹ́ràn mi, ó jókòó. Ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n. Ìwọ fẹ́ràn tìrẹ, kí o dìde. Kí ìwọ náà máa sọ tìrẹ fún un, kí ó lè mọ ohun tí ó ń gbèjà bí ayé bá dé àgbàlá yín.

Mo ti sọ òtítọ́ náà fún Adúkẹ́ àti Sámúẹ́lì. Adúkẹ́ kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, lọ́jọ́ kẹrin ó gbé ọmọ tuntun náà wá sí itan mi. Orúkọ bàbá rẹ ni wọ́n sọ ọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá bi ọ́ léèrè irú káfíńtà tí bàbá rẹ jẹ́, o ti mọ ohun tí o máa sọ.

Ọkọ Adúkẹ́ ń wọ ọkọ̀ bọ̀ wá sí Ìbàdàn lọ́jọ́rú. Ó gbé gálọ́ọ̀nù òróró àgbọn kan dání, ìda oyin tí mo fi ewé wé, àti àkísà tí mo wí. Ó tún mú owó díẹ̀ dání, kí o fi ra igi apá mìíràn dípò mẹ́fà tó bàjẹ́, kí ìwọ àti ìyàwó rẹ sì rí nǹkan jẹ títí àwọn pákó náà yóò fi gbẹ bó ṣe yẹ, kí ebi má baà lé ọ padà sídìí fáníìṣì. Owó ẹja ni, n kò yá a lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, má dá a padà. Ka owó náà níwájú rẹ̀.

Ìyá rẹ tó bí ọ.

Pọ́n-ùn mẹ́rin àti ṣílè mẹ́fà ni.